Dúdú Inú Àwòrán Bàbá Mi

Ọjọ́ kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Jámánì ni mo ba iṣẹ́ jẹ́ lójú gbogbo wọn. Wọ́n ní kí n po oríṣi èròjà irin méjì pọ̀ nínú ìgò, kí n máa rò ó, kí n sì máa da omi amóníà sí i títí yóò fi dúdú. Mo wá ohun tí mo máa fi rò ó. Nínú dúrọ́ọ̀ kan, mo rí àwọn ọ̀pá funfun kéékèèké tí kò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ, irú èyí tí a máa ń lò ní yunifásítì nílé. Èèyàn á sọ ọ̀kan sínú ìgò, á gbé ìgò lé orí ẹ̀rọ, ọ̀pá náà á sì máa pòòyì fúnra rẹ̀. Inú mi dùn pé mo rí ohun kan tí mo mọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ yẹn. Mo sọ ọ̀kan sí i, mo tan ẹ̀rọ, mo da amóníà, omi náà sì dúdú lójú ẹsẹ̀. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun.

Nígbà tí mo fi máa pa ẹ̀rọ, omi inú ìgò ti mọ́ gaara. Gbogbo dúdú náà ti lọ lẹ̀ mọ́ ọ̀pá yẹn, ó wú, ó ní irun lára bí kòkòrò. Òòfà ló wà nínú ọ̀pá náà. Ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ sì rèé, ẹ̀rún irin tí òòfà ń fà ni. Ta ló ń fi òòfà ro irin? Èmi náà ni, ọmọ tó gba ipò kìíní nínú kẹ́mísìrì.

Hẹ́ligà, ìyá arúgbó tó ń bójú tó yàrá ìwádìí náà, fi ohun kan bí ẹ̀mú yọ ọ̀pá náà, ó gbé e sókè kí gbogbo ilé lè rí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Gbogbo wa la ti ṣe é rí," ló wí, "àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń ṣe é." Ó mú mi lọ síbi ẹ̀rọ mìíràn tó ń fi ọ̀pá gíláàsì ro nǹkan láti òkè, tí kò ní òòfà kankan nínú. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí mo dé yàrá mi ni mo tó sunkún, nítorí pé kò sí ẹnì kan nítòsí tí mo lè fi èdè tèmi rojọ́ ara mi fún.

Bí mo ṣe ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún bàbá mi lórí fóònù ni mo máa ṣe ṣàlàyé rẹ̀ níhìn-ín. Àáfà ni bàbá mi. Ó ní ilé kéwú nínú agboolé wa lẹ́yìn Ọjà Tuntun ní Ìlọrin, níbi tí bàbá tirẹ̀ náà ti kọ́ ọmọ ní kéwú kó tó di olóògbé.

"Bàbá, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní MRI. Òòfà ńlá ni. Èèyàn á sùn sínú ihò rẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì ya àwòrán inú ara láì fi ọ̀bẹ kan èèyàn."

"Tò."

"Nígbà míì, àwòrán náà kì í fi ìyàtọ̀ hàn. Ibi tó dáa àti ibi tí kò dáa á jọra wọn. Àwa wá ń ṣe ẹ̀rún irin kan tó kéré débi pé ojú ò lè rí i. A fi ṣúgà bò ó kó má baà ṣe ara léṣe. Wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ fún aláìsàn. Ẹ̀dọ̀ tó lálàáfíà á gbé e mì, á dúdú nínú àwòrán. Ibi tí àìsàn wà ò ní lè gbé e mì, ìyẹn á funfun báláú, dókítà á sì rí i."

Bàbá ronú sí i. "Èyí tó dúdú ló lálàáfíà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ìyẹn dáa. Àmọ́ irin, ẹ ń fi irin sí èèyàn lẹ́jẹ̀."

"Irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀, Bàbá."

"Kí wọ́n má ṣáà fi ọmọ mi rọ ọkọ́ o." Ó rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀, ó wá bi mí bóyá mò ń kírun lásìkò. Mo ní mò ń kírun. Ọ̀kan nínú márùn-ún máa ń bọ́ nígbà míì, ṣùgbọ́n n kò sọ ìyẹn.

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi kí n tó wá. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ibẹ̀ ni. Sọ́ńdè àkọ́kọ́, mo ń gún ata díẹ̀ nínú odó kékeré kan tí mo rà. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi ti ìwé kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé sí mi. Mo mú un lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì kí Hẹ́ligà bá mi kà á. Ó ní aládùúgbò mi ń rán mi létí pé Sọ́ńdè ni. Mo ní mo mọ̀ pé Sọ́ńdè ni. Ó ní rárá o, mi ò mọ̀: níbẹ̀, èèyàn kì í pariwo lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo lọ sí mọ́sálásí àwọn Túkì. Obìnrin onínúure kan tó fún mi ní tíì bi mí pé ó ti tó ọdún mélòó tí mo ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Èmi ọmọ ilé kéwú, èmi ọmọ Ìlọrin! Mo fẹ́ bínú, mo tún rò ó pé kí ni yóò fi mọ̀. Ní mọ́sálásí n kò jọ Mùsùlùmí, níbi iṣẹ́ n kò jọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, nínú bọ́ọ̀sì n kò jọ ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì. Nílé, kó o tó lanu ni wọ́n ti mọ agboolé tó o ti wá. Ìyẹn gan-an ni mo máa ń ráhùn sí tẹ́lẹ̀, pé èèyàn ò lè bá ọkùnrin dúró lẹ́ẹ̀kan l'Ọ́jà Tuntun kí ìròyìn má ṣáájú rẹ̀ délé. Ní Jámánì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa fẹjọ́ mi sùn nílé, n kò rí.

Iṣẹ́ ló fà mí gòkè. Ẹ̀rún irin tí à ń ṣe ní ìwà kan: kì í fẹ́ dá dúró. Wọ́n á máa wá ara wọn, wọ́n á lẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì rì sí ìsàlẹ̀ ìgò. Èyí tó bá sì ti rì kò ṣe é gún fún èèyàn mọ́. Odidi oṣù mẹ́ta ni tèmi fi ń rì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń wo dúdú tó sùn sí ìsàlẹ̀ ìgò, mo sì gbọ́ ohùn bàbá mi lọ́kàn mi: "Tàdáà rẹ sùn."

Tàdáà ni omi dúdú tí a fi ń kọ kéwú sórí wàláà, ìyẹn pákó tí àwọn ọmọ ilé kéwú fi ń kàwé. Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń ṣe é fún bàbá mi, nítorí n kò ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, àbúrò mi Ràbí kò sì ní sùúrù. Àwọn mìíràn ń fi èédú ṣe tiwọn. Tiwa yàtọ̀. Ìṣó àti àwókù irin tó ti dípẹtà la máa ń rẹ sínú omi èso igi kan tí àwọn Hausa ń pè ní bàgàrúwà, á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ títí á fi dúdú kirikiri. Oje igi tó ń lẹ̀ ló ń gbé dúdú náà ró. Bí o bá dúró dìgbà tó dúdú tán kó o tó da oje sí i, tàdáà á sùn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, kò sì ní ṣe é kọ. Àfi kí oje ti wà nínú omi kí dúdú tó dé.

Mo lọ bá Hẹ́ligà. Mo ní mo fẹ́ kí ṣúgà ti wà nínú omi kí n tó da amóníà, kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí n má sì kánjú. Ó bi mí pé inú ìwé wo ni mo ti kà á. Mo ní kì í ṣe inú ìwé. Ó ní kí n ṣe é. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgò náà ṣì dúdú láti òkè délẹ̀, ohunkóhun kò rì. Mo gbé òòfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo omi náà sì ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Hẹ́ligà kọ orúkọ mi gàdàgbà sára ìgò náà, ó gbé e sójú fèrèsé kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè rí i. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Ràbí kó fi han Bàbá.

Ohun tí Bàbá sọ ni pé, "Máàṣá Àlláhù, ó dúdú dáadáa. Kí ló wá kọ?"

Ràbí rò pé àwàdà ni, ó sì fi ẹ̀rín ránṣẹ́ sí mi. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fi ilé sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá mi bá mi sọ tí kì í ṣe àdúà. Ó ní ohun yòówù tí mo bá kọ́ lọ́hùn-ún, kó má ṣe mú mi fojú tín-ín-rín wàláà. Mo ṣèlérí fún un. Ó rọrùn láti ṣèlérí nígbà tí ìdánwò ìlérí náà kò tíì dé.

Ọdún kẹta ni àìsàn mú Bàbá. Ràbí ló pè mí. Ó ń ta aṣọ l'Ọ́jà Tuntun, ó sì máa ń pè mí láti ìsọ̀ rẹ̀ tariwotariwo. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ariwo kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ojú Bàbá ti pọ́n bí epo, ara ń yún wọn, wọ́n sì ń di abẹ́ ìhà ọ̀tún mú tí wọ́n bá fẹ́ dìde. Ibà pọ́njú ni a kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, Dókítà Jímọ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ ní nǹkan ti dí ojú ọ̀nà tí omi òróòro ń gbà jáde láti inú ẹ̀dọ̀. Ó lè jẹ́ òkúta, ó sì lè jẹ́ kókó burúkú. Ó ní kí wọ́n lọ ya àwòrán MRI láti mọ èyí tó jẹ́. Ọ̀nà omi yẹn kò nílò abẹ́rẹ́ irin bíi tiwa. Ẹ̀rọ náà á rí i fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ràbí tún pè.

"Àǹtí mi, wọ́n ní àwòrán ò dáa. Nǹkan dúdú kan bo ojú ibi tí wọ́n fẹ́ rí gan-an."

"Kí wọ́n tún un yà."

"Wọ́n ní èrò pọ̀ nídìí ẹ̀rọ yẹn, ìgbà tó máa tún kàn wá jìnnà, ojú Bàbá sì ń pọ́n sí i lójoojúmọ́. Dókítà ní àwọn ò lè máa dúró. L'Ọ́jọ́bọ̀, wọ́n á la inú wọn wò."

"La inú? Pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn?"

"Dókítà náà sọ ọ́ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ó ní òun ò rí ọ̀nà míì ni." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo ní kí Ràbí gbé àwòrán náà sójú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀, kó yà á sí fóònù, kó fi ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀sán ni, mo wà ní yàrá ìwádìí. Nígbà tí ó wọlé, mo rí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀, mo rí eegun ẹ̀yìn, ní àárín méjèèjì ni dúdú náà wà, tó bo ikùn àti ibi tí ìfun ti bẹ̀rẹ̀. Kò ní etí tó gún. Ó jẹ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn.

Mo mọ dúdú yẹn. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i. Bí a bá gbé ìgò wa sínú ẹ̀rọ láti dán an wò, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, nítorí nínú ẹ̀rọ náà, òjìji irin máa ń tóbi ju irin fúnra rẹ̀ lọ. Mo gbé fóònù fún Hẹ́ligà láì sọ ẹni tó ni ín. Ó wò ó, ó ní, "Irin. Ta ló gbé irin mì?" Mo ní bàbá mi ni. Ó fa àga fún mi kí n jókòó. Ó ní kí n rántí pé n kì í ṣe dókítà, àti pé fọ́tò orí fóònù lásán ni, ó lè tàn wá jẹ. "Ṣùgbọ́n bi í," ó ní. "Bi í ní ohun tó gbé mì."

Mo pe Ràbí padà. "Kí ni Bàbá jẹ kí wọ́n tó wọ ẹ̀rọ yẹn?"

"Wọn ò jẹ nǹkankan."

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Àgbo ńkọ́?"

"Ṣé Bàbá ló máa mu àgbo? Dókítà bi wọ́n ní gbogbo ẹ̀, wọ́n ní rárá. Ṣé Bàbá á wá purọ́ ni, Àǹtí?"

Bàbá kò jẹ́ purọ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló rú mi lójú tí mo fi jókòó nínú bọ́ọ̀sì tí mo sì kọjá ibi tí mo fẹ́ sọ̀. Mo gbìyànjú láti rò ó bíi tirẹ̀. Bàbá ń bẹ̀rù ohun kan, ó fẹ́ wọ ibi tí kò wọ̀ rí. Kí ló máa ń ṣe fún wa nígbà tí a bá fẹ́ wọ irú ibi bẹ́ẹ̀? Láàárọ̀ tí mo lọ ṣe ìdánwò yunifásítì, kí ló fún mi? Láàárọ̀ tí mo fẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò fún físà, kí ló dúró tì mí títí mo fi mu ún tán?

Hàǹtú ni. Bí wọ́n bá kọ súrà Kùránì sí wàláà, tí wọ́n sì fọ̀ ọ́, wọn kì í da omi rẹ̀ sílẹ̀. Mímu la máa ń mu ún. Nílé wa, kò sẹ́ni tó ń pe hàǹtú ní oúnjẹ, kò sẹ́ni tó sì ń pè é ní oògùn. Àdúà ni. Bí dókítà bá bi ẹ́ pé kí lo jẹ, kí lo mu, o ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúà tó o ṣe fún un.

Mo sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo fẹsẹ̀ rìn padà. Ẹ̀rù bà mí ju ti ìgbà tí Ràbí ń sunkún lọ. Bí mo bá sọ fún àáfà kan pé ohun tó fọ̀ lára wàláà ló ba àwòrán jẹ́, kí ni yóò gbọ́? Yóò gbọ́ pé ọmọ òun ti kọ́ ìmọ̀ àwọn òyìnbó débi pé ó ń fẹ̀sùn kan ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun. Bí n kò bá sì sọ, wọ́n á la inú rẹ̀ l'Ọ́jọ́bọ̀. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n fóònù nìkan ni mo ní.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Ṣé ara ń balẹ̀?"

"Àlùhámúdùlílàì. Ara ṣì ń yún mi, àmọ́ a dúpẹ́."

"Bàbá, láàárọ̀ tí wọ́n ya àwòrán yẹn, ṣé ẹ mu hàǹtú?"

Mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéwú lẹ́yìn rẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, níbi tó ti ń dúró de Ọjọ́bọ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo rí i."

"Níbo?"

"Nínú àwòrán náà, Bàbá."

"Wàláà méje la fọ̀. Àwọn àáfà àdúgbò ló bá mi kọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi mu ún. Mo mu ti ìkẹyìn lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí wọ́n tó gbé mi lọ."

"Wọ́n bi yín ní ọsibítù pé..."

"Wọ́n ní kí n má jẹun, n ò jẹun! Ààwẹ̀ dókítà kì í ṣe ààwẹ̀ Ọlọ́hun. Wọ́n bi mí ní àgbo, n kì í mu àgbo. Ṣé o wá fẹ́ sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ló dí wọn lójú ni?"

Ohun tí mo bẹ̀rù gan-an nìyẹn.

"Rárá o, Bàbá. Irin inú tàdáà ni. Ìpẹtà ìṣó tí a máa ń rẹ sí i. Òòfà ni ẹ̀rọ yẹn, irin ló sì rí. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ò ní òjìji, Bàbá. Irin ló ní in."

Àwọn ọmọ kéwú ṣì ń ké. Mo rò pé ó ti gbé fóònù kalẹ̀.

"Tàdáà rẹ ni," ó wí.

"Kí lẹ wí, Bàbá?"

"Èyí tó o ṣe sílẹ̀ kó o tó lọ, ìgò méjì. N ò jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo nìkan ni mo ń fi í kọ. Tìẹ ò sùn rí."

Odidi ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń rò pé ibi tí mo wà nìkan ni mo wà, pé nílé, àyè mi ti dí. Àṣé mo ṣì wà lórí wàláà. Ọwọ́ mi ló sì ṣe dúdú tó bo inú bàbá mi, tí wọ́n fi fẹ́ fi ọ̀bẹ kàn án. Inú mi dùn, ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí lẹ́ẹ̀kan náà.

"N ó tún un yà," ó ní lẹ́yìn náà. "Àmọ́ n ò lè dúró níwájú ọmọ dókítà yẹn kí n máa ní mo mu nǹkan tí n ò sọ. Ìwọ bá a sọ ọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, mo pe Dókítà Jímọ̀. Òyìnbó ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún un, gbogbo òyìnbó ńláńlá tí mo kó jọ láti ọdún mẹ́ta. Ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá. Kí ni Bàbá mu?"

"Hàǹtú ni, Dókítà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Ọmọ agboolé àáfà lèmi náà," ó ní. "Mo mu ún láàárọ̀ ìdánwò àṣekágbá mi. Mo bi Bàbá ní oúnjẹ, mo bi wọ́n ní oògùn, mo bi wọ́n ní àgbo. Wàllàhí, hàǹtú ò wá sí mi lọ́kàn. Mo mọ̀ ọ́n jù ni." Ó ní òun á lọ bẹ àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ náà kí wọ́n fún Bàbá ní àyè l'Ọ́jọ́bọ̀ yẹn gan-an, inú Bàbá á ti fọ̀ díẹ̀ nígbà yẹn. "Mi ò ṣèlérí nǹkankan o, Àǹtí. Ó lè jẹ́ pé ohun tí à ń bẹ̀rù ló wà lẹ́yìn dúdú yẹn. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí tí àwòrán ò bá tún mọ́, ọjọ́ Ẹtì la máa là á."

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, mo fọ́ ìgò méjì. Hẹ́ligà kó àfọ́kù rẹ̀, ó ní kí n lọ sílé. Mo ní ilé wo. N kò sọ ọ́ láti fi bú u. Ó gbé ife tíì síwájú mi, ó sì jókòó tì mí láì sọ̀rọ̀, ìyẹn náà sì tó. Mo wá mọ̀ pé ìdákẹ́rọ́rọ́ tiwọn níbẹ̀ ní oríṣi tirẹ̀, tí èèyàn lè farati.

Bàbá mi kì í pè mí. Èmi ni mo máa ń pè é. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí fóònù mi dún tí mo rí orúkọ rẹ̀, mo sáré jáde sí kọ́rídọ̀.

"A ti dé bẹ̀," ó ní. "N ò mu nǹkankan."

"Ó dáa, Bàbá."

"Omi lásán gan-an, n ò mu ún. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n ò tíì wọ ibi tó bà mí lẹ́rù pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ báyìí rí." Ó wá ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi."

N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí láyé mi.

"Kí ni kí n ṣe, Bàbá?"

"Súrà tí a kọ sí wàláà ọjọ́sí, èyí tí mo máa ń kọ fún yín náà ni, o mọ̀ ọ́n. Kà á sí mi létí. Kò sí irin nínú ohùn."

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun tí a fi ń ṣiṣẹ́ lọ́rùn mi, mo sọ bísímílàhì, mo bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti kà á kẹ́yìn. Mo ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì tún un ṣe fún mi pẹ̀lú ohùn tó fi ń kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, ohùn tí kò ní àánú kankan nínú. Àwọn èèyàn ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Hẹ́ligà yọjú, ó rí mi, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Mo ti fẹ́ dé àárín súrà náà nígbà tí mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lọ́hùn-ún: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní fóònù yẹn, kò gbọdọ̀ wọ inú bẹ̀ o." Fóònù já.

Agogo méjì kọjá díẹ̀ ni Ràbí pè. N kò gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ sọ nítorí ariwo tó ń pa.

"Òkúta ni, Àǹtí! Òkúta ni! Ó hàn kedere! Dókítà ní wọ́n á gba ọ̀nà ẹnu yọ ọ́, wọn ò ní la inú wọn rárá!"

Mo pariwo. Nínú ilé tí wọn kì í tilẹ̀ ti húkọ́ sókè yẹn, mo pariwo bí ẹni tó wà l'Ọ́jà Tuntun, ilẹ̀kùn ń ṣí lọ́tùn-ún lósì. Hẹ́ligà sáré jáde, ó wo ojú mi, ó sì dì mọ́ mi kó tó béèrè ohunkóhun. Mo ṣì ń sunkún nígbà tí mo gbọ́ pé ẹlòmíràn ti gba fóònù lọ́wọ́ Ràbí.

"Nígbà tí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi," Bàbá ní, "ṣé o dúró?"

"Rárá o, Bàbá. Mo kà á tán."

"Tò," ó ní. "Ẹ̀rọ yẹn ń pariwo bí alágbẹ̀dẹ. Mo mú un níbi tó o dé, mo kà á tán nínú ihò náà."